Òru Tí Fóònù Mi Kò Dún

Oorun tí mo sùn ní àsìkò ọdún Àjíǹde 2023 dùn mọ́ mi lára. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù mi kò dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ ìrẹsì ọdún nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Bódìjà, mo sì ń fọ́nnu fún ìyàwó mi pé ètò tuntun tí mo gbé kalẹ̀ níbi iṣẹ́ ti sọ mí di ẹni tó ń sinmi. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni mo tó mọ irú oorun tí mo ti ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn ni mo ń tọ́jú. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, ọrùn mi ló wà. Ibẹ̀ kò tóbi. Kọ̀ǹpútà àwọn dókítà àti ti àwọn akọ̀wé wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, kámẹ́rà wà lẹ́nu géètì àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ráútà àti suwíìṣì tó so gbogbo wọn pọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́fà tó ń pa àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn mọ́, àti ínfátà. Ohun kékeré kan tún wà tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí a ki wáyà rẹ̀ bọ inú fíríìjì àjẹsára àwọn ọmọdé, kí ó lè máa ka ìwọ̀n òtútù ibẹ̀. Nígbà tí mo ka gbogbo wọn, wọ́n jẹ́ 43.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì yẹn ni mo ń bọ̀ wá sọ. Àjẹsára kò gbọdọ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọdọ̀ dì. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kí wọ́n máa wà lọ́sàn-án àti lóru, yálà iná wà tàbí kò sí. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó sì ń bọ̀ bó ṣe wù ú, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Kí n tó gbé ètò ìṣọ́ náà kalẹ̀, ariwo ẹnu àwọn èèyàn la fi ń mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Akọ̀wé á ké láti ìsàlẹ̀ pé, “Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, kò ṣí o!” Dókítà á ránṣẹ́ pé káàdì aláìsàn kò jáde. Ó sú mi. Mo wá Zabbix, sọ́fíwia ọ̀fẹ́ tí Alexei Vladishev ní Latvia bẹ̀rẹ̀, tí ó sì gbé jáde fún gbogbo ayé ní 2001, mo fi í sórí ogbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tí ẹ̀ka ìṣirò owó ti pa tì.

Àwọn kan rò pé idán wà nínú iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè lásán ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tó pẹ́ tí a ṣì ń lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní ping. Mike Muuss ló kọ ọ́ ní oṣù Kejìlá 1983, nílé ìwádìí ológun kan ní Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì fi ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi máa ń ta láti mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Kọ̀ǹpútà kan á ké sí èkejì pé, “Ṣé o wà níbẹ̀?” Èkejì á ní, “Mo wà.” Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bí ohun tí èèyàn fẹ́ mọ̀ bá ju èyí lọ, SNMP wà, èdè tí àwọn ẹ̀rọ ti fi ń dáhùn ìbéèrè láti 1988: báwo ni ara rẹ ṣe gbóná tó, àyè mélòó ló ṣẹ́kù nínú rẹ, èwo nínú ẹnu ọ̀nà rẹ ló ti dí? Ẹ̀rọ náà tún lè ké fúnra rẹ̀ kí a tó bi í, bí ọmọdé tó sáré wọlé wá sọ pé ọbẹ̀ ti ń jóná.

Mo pàṣẹ fún sọ́fíwia náà pé kí ó máa bi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan léèrè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi nígbàkúùgbà tí ọ̀kan kò bá dáhùn. Ẹ wá wo bí ó ṣe ń rí bí NEPA bá mú iná lọ. (Orúkọ yẹn ti kúrò nínú ìwé ìjọba tipẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lẹ́nu wa.) Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á kú, ìkìlọ̀ kan. Suwíìṣì òkè á kú, ìkìlọ̀ kan. Kámẹ́rà mẹ́jọ tó ń gba ara suwíìṣì náà sọ̀rọ̀ kò ní lè dáhùn mọ́, ìkìlọ̀ mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kò bàjẹ́. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, ìkìlọ̀ ti di ọgbọ̀n. Bí iná bá sì dé, gbogbo wọn á tún kọ̀wé wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé ara àwọn ti yá. Ní òru ọjọ́ kan, ìyàwó mi dìde jókòó lórí ibùsùn. “Bàbá Tolú, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kú níbi iṣẹ́ yín?”

Mo wá ṣe ohun tó dà bí ọgbọ́n lójú mi. Mo pín ìkìlọ̀ sí ọ̀nà méjì. Èyí tó bá ní “a kò rí ẹ̀rọ yìí”, kí ó lọ sínú àpò kan nínú ímeèlì mi, láìdún. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, bíi kí fíríìjì gbóná kọjá 8 tàbí kí sẹ́fà kún, kí ó pè mí tọ̀sán-tòru. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àpò yẹn ti kún, n kò sì ṣí i mọ́.

Èmi nìkan kọ́ ni irú èyí ti ṣe. Ní òpin 2013, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà ilé ìtajà Target ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó ìsọfúnni orí káàdì ìsanwó tó tó 40 mílíọ̀nù lọ. Ẹ̀rọ ìṣọ́ tí wọ́n fi owó gidi rà kò sùn o. Ó ké. Àwọn tó gbọ́ igbe náà kà á mọ́ ariwo ojoojúmọ́, wọ́n sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìròyìn náà, mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn kò le rárá. Bíréékà kan já nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn, níbi tí yàrá àjẹsára wà. Bíréékà yẹn ló ń fún fíríìjì ní iná. Òun kan náà ló ń fún suwíìṣì kékeré tí páálí ìṣáná mi ń gbà sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní aago 11:42 alẹ́, ìkìlọ̀ kan wọ inú àpò tí n kì í ṣí: a kò rí ẹ̀rọ yìí. Ìkìlọ̀ pé fíríìjì ti gbóná kò wá títí di òní, nítorí ta ni ìbá mú un wá? Nọ́ọ̀sì àjẹsára ti ti ilẹ̀kùn, ó ti lọ ṣọdún. Oṣù Kẹrin ni, yàrá náà sì wà lábẹ́ páànù.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí: mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nílé ẹ̀gbọ́n mi, mo fi fóònù wọ inú ètò náà, mo wo fíríìjì. Ó kọ 4.6, ó tan àwọ̀ ewé, ohun gbogbo dára. Mo fi fóònù sápò, mo bu ẹran sí i. Òótọ́ ni nọ́ńbà yẹn. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ìdáhùn ìkẹyìn tí sọ́fíwia náà gbọ́ ló ń fi hàn mí, bí ìgbà tí a bá béèrè àlàáfíà ẹnì kan tí wọ́n wá gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, tí wọ́n ní ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ àti aago tí ìdáhùn náà wọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní. N kò kà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ àjẹsára nílé ìwòsàn wa. Nígbà tí mo dé, àwọn ìyá ti kún orí bẹ́ǹṣì, ọmọ lẹ́yìn, káàdì lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó mú ìgò kékeré kan dání, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún sí ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àmì kan wà lára ìgò wọ̀nyí: òbìrí kékeré kan, tí onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀. Bí oògùn inú ìgò bá ṣì dára, onígun mẹ́rin náà á funfun ju òbìrí tó yí i ká lọ. Bí ooru bá ṣe ń mú un ni yóò máa dúdú sí i, kò sì ní padà funfun mọ́ láé, kódà bí wọ́n bá dá a padà sínú òtútù. Bí ó bá ti dúdú tó òbìrí náà, kí wọ́n kó o dànù. Láti 1996 ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò àjẹsára rọpárọsẹ̀. Kò lo iná, kò lo íntánẹ́ẹ̀tì, kò nílò kí ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ó wà nínú òkùnkùn àti ooru pẹ̀lú àwọn ìgò náà fún gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń ṣọdún, ó sì sọ òótọ́ nígbà tí a ṣílẹ̀kùn fún un.

Gbogbo ti rọpárọsẹ̀ ló ti dúdú. Wọ́n kó àwọn àjẹsára yòókù sọ́tọ̀ títí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó mọ̀ nípa wọn yóò fi wá wò wọ́n. Ìyá kan tó wọkọ̀ wá láti Mọ́níyà rò pé dókítà ni mí. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dúró ni, àbí kí n máa lọ?” Mo ní kí ó máa lọ, kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó tó wà níbẹ̀, ó tún un dì. Kò sọ nǹkan kan.

Mátírọ̀nì pè mí sí kọ̀rọ̀. Kò pariwo; ó sàn kí ó pariwo. “Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ fún wa pé kò sí ìdí tí a ó fi máa lọ wò ó mọ́?” Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Kí n tó gbé ètò mi dé, ìwé kan wà lórí fíríìjì náà, pẹ̀lú báírò tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kódà lọ́jọ́ ọdún, ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ á ṣílẹ̀kùn, á ka òtútù, á kọ ọ́ sínú ìwé, á fọwọ́ sí i. Mo ti fi ìwé yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. A rí i nínú dúrọ́ọ̀ lọ́jọ́ náà. Oṣù Kejì ni wọ́n ti kọ nǹkan sínú rẹ̀ kẹ́yìn.

Àwọn aláṣẹ pe ìpàdé. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi dábàá pé kí a ra ẹ̀rọ tó wọ́n ju èyí lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa máa ń já sí ní orílẹ̀-èdè yìí nìyẹn. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́, a ó ra òmíràn, a ó pe àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn wá gé ríbọ́ọ̀nù, a ó ya fọ́tò. Mo ti wọ ọ́fíìsì tó pọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n gbàgede ti ń fi kámẹ́rà mẹ́rìndínlógún hàn lára ògiri, tí mẹ́fà nínú wọn dúdú kirikiri, tí ẹni tó jókòó síwájú wọn sì ń jẹ búrẹ́dì. Ta ni ó ní láti dìde bí kámẹ́rà bá ṣókùnkùn? A kì í kọ ìyẹn sínú ìwé àdéhùn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó náwó.

Ẹni tó là mí lójú kò mọ kọ̀ǹpútà. Ní àdúgbò wa, a ní bàbá kan tó ń ṣọdẹ lóru. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń fi irin lu òpó iná: bí aago bá lu kan, á lù ú lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá lu méjì, á lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pẹ́ tí mo ti rò pé olè ni bàbá ń dẹ́rù bà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, oorun kò kùn mí, mo jáde lọ bá a, a sì jọ jókòó. Mo ní, “Bàbá, bí olè bá gbọ́ irin yìí, ṣé kò ní mọ ibi tí ẹ wà ni?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé ni mò ń lù ú fún. Èmi ń ṣọ́ yín, ẹ̀yin náà ń ṣọ́ mi. Lọ́jọ́ tẹ́ ò bá gbọ́ irin, ẹ dìde o, ẹ wá wò mí.”

Mo padà sílé, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi ní aago mẹ́ta òru.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo yí padà ni ìtumọ̀ ìdákẹ́jẹ́. Bí páálí ìṣáná kò bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sọ́fíwia náà kò gbọdọ̀ fi 4.6 hàn mí mọ́. Kí ó kà á sí pé fíríìjì ti gbóná, kí ó sì pe èèyàn. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà nínú Zabbix tẹ́lẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fi í sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbógun ti ariwo. Mo so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀rọ bí ọmọ ṣe ń so mọ́ ìyá, tó fi jẹ́ pé bí suwíìṣì òkè bá kú, suwíìṣì nìkan ni mo ń gbọ́, àwọn kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ á dákẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní ẹ̀tọ́ láti jí ẹnikẹ́ni lóru mọ́. Ẹ̀rọ mìíràn tí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kí a tún un bi. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó di ìkìlọ̀. Fíríìjì pẹ̀lú, bí nọ́ọ̀sì bá ṣí i láti mú ìgò, ooru á wọlé fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọjá 8 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó ké. Láti nǹkan bí 600 ìkìlọ̀ lọ́sẹ̀, a bọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, mo sì ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Iṣẹ́ tó le jù kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Bóyá oorun ti gbé mi lọ, tàbí mo wà lọ́nà Ìlọrin, kí ni màá ṣe sí bíréékà tó já ní Ìbàdàn? A jókòó, èmi, Mátírọ̀nì àti àwọn tó ń ṣọ́ géètì, a kọ orúkọ sílẹ̀. Ìkìlọ̀ fíríìjì á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Bí kò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di tèmi. Lẹ́yìn mi, ó di ti Mátírọ̀nì. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kan wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ géètì báyìí. Ìjà wa lórí kọ́kọ́rọ́ yẹn gùn ju gbogbo iṣẹ́ sọ́fíwia lọ.

Ó wá ku ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́. Ogbólógbòó kọ̀ǹpútà mi ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà pẹ̀lú gbogbo ilé ìwòsàn ránṣẹ́. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ẹnu rẹ̀ dí nìyẹn. Àwọn tó jù wá lọ ti kó sí irú ọ̀fìn yìí. Ní 4 oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram pòórá fún bíi wákàtí mẹ́fà. Àṣìṣe kan nígbà àtúnṣe ló gé àwọn ilé kọ̀ǹpútà wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn irinṣẹ́ tí ẹnjiníà wọn ìbá sì fi tètè tún un ṣe wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà tó ti kú. Àfi kí wọ́n rán èèyàn lọ síbẹ̀. Tèmi kò ná wa ní owó ńlá: mo ki módẹ́ẹ̀mù kékeré kan tó ní SIM bọ ara kọ̀ǹpútà náà, kí ìkìlọ̀ lè máa gba orí SMS jáde, mo sì fún un ní bátìrì tirẹ̀. Ní 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Àbíjáǹ, tí ọ̀pọ̀ báǹkì wa kò lè dá oníbàárà lóhùn bó ti yẹ, íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn wa kú pátápátá. SMS fíríìjì ń wọlé bó ṣe yẹ.

Irin bàbá ọdẹ náà wà níbẹ̀. Ní aago 6:30 òwúrọ̀ ojoojúmọ́, ètò náà ń kọ̀wé sí èmi àti Mátírọ̀nì: “Mo jí. Fíríìjì 4.8. 42 nínú 43 dáhùn.” (Ọ̀kan tí kì í dáhùn yẹn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀ka ìṣirò owó ni. Ẹ má bi mí.) Tí kò bá dé títí di aago méje, ẹni tó bá kọ́kọ́ rántí á pe èkejì.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kó àjẹsára tuntun wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá ọmọ láti Mọ́níyà padà wá. Mo rí i láti ojú fèrèsé, mo sì sá pamọ́. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé nínú àwọn tí a dá padà lọ́jọ́ náà, mẹ́ta kò wá mọ́. Ó pe nọ́ńbà tó wà lórí káàdì wọn. Ẹnì kan ní òun ti gbà á níbòmíràn. Nọ́ńbà méjì kò lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan lóṣù tó kọjá, mo ń fọ eyín lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Mátírọ̀nì ni, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. “Ọdẹ rẹ kò lu irin lónìí o.” Mo pe ẹni tó ń ṣọ́ géètì, mo ní kí ó bá mi mú kọ́kọ́rọ́, mo wọ ṣòkòtò, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, fíríìjì ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, àwọn ẹ̀rọ ń dáhùn. Owó orí SIM ló tán. Mo ra káàdì 500 náírà lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì, mo fi í sórí rẹ̀, mo wá lọ yẹ yàrá àjẹsára wò kí n tó padà sílé lọ wẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó ti kọ 4.4 sínú ìwé, ó ti fọwọ́ sí i, ó ń so báírò padà mọ́ okùn rẹ̀.